Ìnáwó òjijì: báwo ni ìdílé onígbàgbọ́ tó ń gbé Abuja ṣe lè là á kọjá láìwọ gbèsè?

Olùṣírò Kubwa

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń tán ọ̀pọ̀ ìdílé onígbàgbọ́ lókun ní Abuja yìí. Owó oṣù wọlé, wọ́n yọ ìdámẹ́wàá, wọ́n ra oúnjẹ. Oṣù ò tíì dé ìdajì, ọkọ̀ kú sójú ọ̀nà, tàbí ara ọmọ gbóná lóru, tàbí wọ́n pè láti ilé pé Bàbá ti papò dà. Bí àdúrà ṣe ń lọ ni gbèsè náà ń ga. Mo fẹ́ gbé ìṣirò kan kalẹ̀, kí ẹ bá mi tú u wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ: bàbá, ìyá, ọmọ méjì, ilé wọn wà ní Kubwa. Tí a bá yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, ₦350,000 ló ń wọlé fún tọkọtaya lóṣù. Kí wọ́n tó pín kọ́bọ̀ kan, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ìnáwó tí kì í wá lóṣooṣù, ṣùgbọ́n tí kò ní ṣàìwá kí ọdún tó yí po. Owó ilé, ₦600,000. Owó ilé ìwé ọmọ méjì, ₦90,000 lórí ọmọ kan ní sáà kan, sáà mẹ́ta: ₦540,000. Táyà, bátìrì àti ìwé ọkọ̀, ₦120,000. Ìrìn àjò sílé, ₦180,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,440,000. Ẹ pín in sọ́nà 12: ₦120,000 lóṣù.

Ibí gan-an lẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Owó ₦120,000 yìí kì í ṣe ìnáwó òjijì. A gbàgbé rẹ̀ ni. Láti September la ti mọ̀ pé ilé ìwé á wọlé ní January, síbẹ̀ a ó máa pè é ní ìdánwò láti ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Kí a yọ ọ́ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé. Ó ku ₦230,000. Ìdámẹ́wàá ₦35,000, ó ku ₦195,000. Oúnjẹ ₦100,000, ọkọ̀ wíwọ̀ àti epo ₦40,000, iná àti omi ₦20,000, fóònù àti dátà ₦8,000. Ó ṣẹ́ ku ₦27,000: ₦20,000 fún àpò pàjáwìrì, ₦7,000 fún àwọn òbí nílé.

Kí kálukú fi iye tirẹ̀ dípò tèmi. Lúùkù 14:28 ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Jíjókòó yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe.

Ìyàwó Ilé Lugbe

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Àwọn kan nínú ìjọ ń sọ pé ẹni tó bá fowó pamọ́ de àìsàn, àìsàn ló ń pè wọlé. Kí la máa fi dá wọn lóhùn? Èkejì, ₦20,000 lóṣù, ìgbà wo ló máa tó nǹkan?

Díákónì Karu

Ẹ jẹ́ kí n mú àkọ́kọ́. Ẹni tó ra agbòjò kò pe òjò. Òwe 22:3 sọ pé ọlọ́gbọ́n rí ibi tẹ́lẹ̀, ó sá pamọ́. Òpè ń lọ gbuurugbu, ó sì jìyà rẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 41, nígbà tí Jósẹ́fù gbọ́ pé ìyàn ń bọ̀, kò ní kí Fáráò bá ìyàn náà wí. Ó ní kí wọ́n yan alábòójútó, kí wọ́n sì kó ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè pamọ́ fún ọdún méje. Ẹ wo ohun kan níbẹ̀: ọdún tí ọ̀pọ̀ wà nílẹ̀ ni wọ́n ń kó o pamọ́, kì í ṣe ọdún ìyàn. Ẹni tó dúró di ọjọ́ àìsàn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fowó pamọ́ ti pẹ́ jù.

Àdúrà wà níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n Olúwa tí à ń ké pè náà ló fi èèrà hàn wá nínú Òwe 6, pé ó ń kó oúnjẹ rẹ̀ jọ nígbà ìkórè.

Olùṣírò Kubwa

Díákónì, ẹ kú iṣẹ́. Ìyàwó Ilé, ìbéèrè kejì yín ló kàn.

Ìpele méjì ni kí ẹ pín àpò pàjáwìrì sí. Ìpele kìíní jẹ́ ìnáwó oṣù kan péré: oúnjẹ, ọkọ̀, iná, fóònù. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦168,000 nìyẹn. Pẹ̀lú ₦20,000 lóṣù, ó máa pé láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Ìpele kejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, ₦504,000. Ìyẹn gba ọdún méjì ó lé díẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí jíjìnnà rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Àpò tí ₦60,000 péré wà nínú rẹ̀ ti tó láti gba ìdílé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ gbèsè, nítorí àwọn ìnáwó kéékèèké ló pọ̀ jù: ibà, páìpù tó bẹ́, fóònù tó já bọ́.

Ibi tí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí ṣe pàtàkì tó iye rẹ̀. Ẹ fi ₦15,000 sí ilé ní owó ọwọ́. Gbogbo wa la rántí February 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú, tí ẹni tó lówó ní báńkì kò rí èyí tó máa fi wọ ọkọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nẹ́tíwọ̀kì báńkì máa ń kọ̀ lóru, òru sì ni àìsàn ọmọdé fẹ́ràn. Ìyókù, ẹ gbé e sí àkántì tí kò ní káàdì ATM, ní báńkì tó yàtọ̀ sí èyí tí owó oṣù ń wọlé sí. Bí ọ̀kan bá há, èkejì á ṣiṣẹ́, ojú yín kò sì ní máa rí i lójoojúmọ́.

Tí ìpele kìíní bá ti pé, ẹ lè gbé ìpele kejì sí money market fund, ìyẹn àpò ìdókòwò tó ń yá ìjọba àti báńkì lówó fún àkókò kúkúrú, nítorí ó ń mú èlé wá. Àmọ́ bí ẹ bá béèrè owó náà, ó lè gba ọjọ́ iṣẹ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé ọwọ́, nítorí náà kò wúlò fún òru ilé ìwòsàn. FGN Savings Bond, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá lọ́wọ́ ará ìlú, dára, ₦5,000 ló kéré jù téèyàn lè fi wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni owó náà fi ń dúró síbẹ̀. Owó ilé ìwé gíga ọmọ lẹ lè fi síbẹ̀, kì í ṣe owó pàjáwìrì.

Akápò Ẹgbẹ́ Àjẹsẹ́kù

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ nípa alájọ kún un, torí ọ̀dọ̀ alájọ lọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa lọ́jà ń fi owó pàjáwìrì sí. Tí ènìyàn bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún 30 ọjọ́, ₦29,000 ló máa gbà. Ti ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Lọ́dún, ₦12,000 lọ nìyẹn. Kò burú fún ẹni tí kò lè dá owó dúró lọ́wọ́ ara rẹ̀, àmọ́ kò sí ààbò bí alájọ bá sá lọ. Owó tó wà ní báńkì ńlá ní ààbò NDIC, àjọ ìjọba tó ń san owó padà fún oníbàárà bí báńkì bá wó, títí dé ₦5,000,000, ti báńkì alábọ́ọ́dé tí wọ́n ń pè ní microfinance sì jẹ́ ₦2,000,000, láti 2024 tí wọ́n ti fi kún un.

Ní ti ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù, púpọ̀ nínú wọn ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun tí ènìyàn ti fi pamọ́. Kí ẹ tó bu ọwọ́ lu ìwé, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣírò èlé. Ẹ mú ₦200,000, èlé ₦1 lórí ₦100 lóṣù, oṣù mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ń ṣírò lórí gbogbo owó náà títí dé òpin, èlé jẹ́ ₦20,000. Bí wọ́n bá ń ṣírò lórí ìyókù tó ń dín kù lóṣooṣù, ₦11,000 ni. Owó kan náà, èlé kan náà lẹ́nu, ìyàtọ̀ ₦9,000.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọn áàpù tó ń yáni lówó lójú ẹsẹ̀. ₦100,000 fún 30 ọjọ́ pẹ̀lú èlé ₦15,000 dà bí ohun kékeré. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹ san èlé nìkan, tí ẹ tún sún un síwájú lẹ́ẹ̀mẹta, ₦45,000 ti lọ, ₦100,000 náà ṣì dúró pátápátá. Ìyẹn ni Òwe 22:7 wí, pé ẹni tó yáwó di ẹrú ẹni tó yá a.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn, ẹ kà á sí gbèsè tiyín. Bí kò bá san, owó tiyín tó wà lẹ́gbẹ́ ni wọ́n máa mú. Ẹ má dúró fún iye tí ẹ kò lè fi ọwọ́ ara yín san.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọjá báyìí, torí òun ló ń yára fọ́ ìṣúná jù.

Òfin NHIA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, ti 2022 sọ adójútòfò náà di dandan. Lórí ètò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ló wà níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn ni aláìsàn ń san. FCT náà ní ètò tirẹ̀ tí oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè wọ̀. Síbẹ̀, ìdílé tó forúkọ sílẹ̀ ṣì ń san gbogbo owó lójú aláìsàn. Kí ló ń fà á?

Ohun kan ni pé ọmọ tuntun kì í ti ara rẹ̀ wọ inú ìwé. Bí ẹ bá ti gba ìwé ẹ̀rí ìbí, ẹ fi orúkọ rẹ̀ kún un kíá. Òmíràn ni pé ilé ìwòsàn tí ẹ yàn nígbà tí ẹ ń gbé Karu ni orúkọ yín ṣì wà, ẹ sì ti kó lọ sí Gwagwalada. Ẹ béèrè ní HMO, ilé iṣẹ́ tó ń bá ilé ìwòsàn san owó adójútòfò yín, bí wọ́n ṣe ń yí i padà nígbà tí ara le, ẹ má dúró di ọjọ́ àìsàn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù: ẹ gbé aláìsàn lọ tààrà sí ilé ìwòsàn ńlá láìgba ìwé ìfiránṣẹ́ láti ilé ìwòsàn tí ẹ yàn, àti kóòdù tí HMO fi ń fọwọ́ sí ìtọ́jú náà. Láìsí kóòdù yẹn, wọ́n á ní kí ẹ san owó lódindi. Bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ lọ síbi tó súnmọ́ jù, kí ẹnì kan nínú ìdílé sì pe HMO lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ kọ nọ́ńbà HMO àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ gbogbo ará ilé sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Bí wọ́n bá ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ san owó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, ẹ rán wọn létí pẹ̀lú sùúrù pé Òfin Ìlera ti 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láàyè láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọ̀rọ̀ owó á wá lẹ́yìn.

Bí owó bá pọ̀ ju agbára lọ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ béèrè ọ́fíìsì medical social worker. Wọ́n lè bá yín bẹ̀bẹ̀ kí ẹ san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ pé ọ́fíìsì yẹn wà. Ẹ máa gba ìwé owó tí wọ́n kọ ohun kọ̀ọ̀kan sí, ẹ má gba àpapọ̀ nìkan.

Àsìkò kọ̀ọ̀kan nínú ọdún ní ìnáwó tirẹ̀ níbí. Láti nǹkan bí December títí di ìgbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, àrùn yírùnyírùn máa ń jà ní àríwá. Bí ọrùn bá ganpa pẹ̀lú ibà àti orí fífọ́, ẹ má lọ sí kẹ́mísì, ilé ìwòsàn ni. Bí òjò bá dé, ibà ẹ̀fọn ló kù. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó ra oògùn. Owó tí ọ̀pọ̀ ń ná sórí oògùn ibà fún àìsàn tí kì í ṣe ibà ló ń pọ̀, àìsàn gangan á sì máa le sí i.

Ìyá Ọlọ́jà Nyanya

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín. Èmi fẹ́ fi ti oúnjẹ kún un, nítorí bí ilé bá ní oúnjẹ, ìnáwó òjijì kì í fi bẹ́ẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni.

Ìdílé tí kò lówó lọ́wọ́ mọ́ máa ń ra ẹ̀wà ní mudu (òṣùwọ̀n bíi kóńgò) kọ̀ọ̀kan, iye tó máa san kí ó tó pé àpò kan sì pọ̀ ju owó àpò lọ. Ìkórè ẹ̀wà àti àgbàdo máa ń dé láti October sí December. Àsìkò yẹn ni kí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta nínú ìjọ kó owó jọ ra àpò, kí wọ́n pín in.

Kòkòrò ló máa ń ba ẹ̀wà jẹ́. Ẹ sá a títí yóò fi gbẹ dáadáa, ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, ẹ kún un dé ẹnu, kí àyè afẹ́fẹ́ má ṣẹ́ kù, ẹ dé e pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ á kú nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́. Ẹ lo kẹ́ẹ̀gì kéékèèké mẹ́rin dípò ńlá kan, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ńlá náà ni afẹ́fẹ́ ń padà wọlé. Ẹ má da oògùn apakòkòrò sí oúnjẹ.

Tòmátì pọ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, owó rẹ̀ á sì fò sókè bí òjò bá wọlé. Ẹ rà á ní January tàbí February, ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ sá a sórí àwọ̀n tó mọ́, ẹ fi àwọ̀n mìíràn bò ó nítorí eṣinṣin àti eruku ọyẹ́. Bí ó bá ti ń dún pàkà pàkà, ó ti gbẹ nìyẹn.

Rẹwáyà Dutse

Ní kúkúrú: iná tó bá padà dé lójijì ló ń jó fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n bá mú iná, ẹ pa súìṣì fíríìjì, bí wọ́n bá dá a padà, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tàn án.

Ọmọ Èkìtì, Gwarinpa

Ẹ̀yin ará, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ìnáwó tó ń wá láti ilé. Òkú, ìgbéyàwó, aṣọ ẹbí. Àwa tí a wà ní Abuja, wọ́n gbà pé owó wà lọ́wọ́ wa.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni àpò ẹbí. Bí ọmọ ìyá márùn-ún bá ń dá ₦5,000 lóṣù, ₦300,000 ni lọ́dún, kí àpò náà wà lọ́wọ́ ẹni méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lẹ́yìn odi. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ mú owó ilé ìwòsàn àwọn òbí.

Bí wọ́n bá pè pé kí ẹ mú iye kan wá, ẹ má dá ìlérí kankan lórí fóònù. Ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá ìyá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, mo máa pè yín lárọ̀ọ́ ọ̀la.” Lọ́jọ́ kejì, ẹ sọ iye tó wà nínú àpò, ẹ fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó tètè fi ₦20,000 ránṣẹ́ níyì ju ẹni tó ṣèlérí ₦100,000 tí kò rí i san.

Ilé ìtọ́jú òkú ń gba owó lójúmọ́. Bí ẹbí bá sún ìsìnkú sí oṣù mẹ́ta nítorí ayẹyẹ, owó yẹn nìkan á ti jẹ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kó jọ. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún àwọn àgbà ní ìpàdé àkọ́kọ́, kí wọ́n tó mú ọjọ́.

Arákùnrin Bwari

Mo fẹ́ béèrè ohun tí kò tíì sí ẹni tó fẹnu kàn. Nínú oṣù tí ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ṣé kí ìdámẹ́wàá dúró ni tàbí kí ó lọ? Ní tèmi, Málákì 3:10 ṣe kedere. Ti Ọlọ́run ni, a kì í fọwọ́ kàn án.

Díákónì Karu

Arákùnrin, mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ yín, èmi náà kì í dá a dúró. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ di ẹrù lé ẹlòmíràn lórí. Nínú Mátíù 15, Jésù bá àwọn tó fi ọrẹ Ọlọ́run ṣe àwáwí láti má tọ́jú bàbá àti ìyá wọn wí. 1 Tímótì 5:8 sì le lórí ẹni tí kò pèsè fún ará ilé rẹ̀. Bí ìdílé bá kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ gbàtọ́jú, tí wọ́n sì san ìdámẹ́wàá náà nígbà tí ọwọ́ wọn dẹ̀, èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tí mo kọ̀ pátápátá ni kí ẹnikẹ́ni yá owó èlé láti fi ṣe ọrẹ tàbí san ẹ̀jẹ́. 2 Kọ́ríńtì 8:12 ní gẹ́gẹ́ bí ohun tí ènìyàn ní ni, kì í ṣe bí ohun tí kò ní. Oníwàásù 5:5 sì ní ó sàn kí o má jẹ́ ẹ̀jẹ́ ju kí o jẹ́ ẹ kí o má san án.

Sí àwọn olùdarí ìjọ: ẹ ya owó ìrànlọ́wọ́ sọ́tọ̀ sí àkántì tirẹ̀, pẹ̀lú ẹni méjì tó ń bu ọwọ́ lù ú. Kí ẹni tó nílò rẹ̀ mú ìwé owó ilé ìwòsàn wá, kí ìjọ sì san án fún ilé ìwòsàn tààrà. Ẹ má dárúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ìtìjú ló ń lé ọ̀pọ̀ arákùnrin lọ sọ́dọ̀ áàpù.

Arákùnrin Bwari

Mo gbọ́, Díákónì. Ti ẹ̀jẹ́ yẹn, mo fara mọ́ ọn.

Ìyàwó Ilé Lugbe

Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará. Olùṣírò, ẹ fi ọ̀ràn kan hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká sọ pé ₦60,000 ló wà nínú àpò, gíá ọkọ̀ bàjẹ́, mẹkáníìkì ní ₦95,000. Báwo ni?

Olùṣírò Kubwa

Kí ẹ má tíì fowó sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ní kí mẹkáníìkì kọ owó ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ béèrè iye ẹ̀yà náà ní ṣọ́ọ̀bù méjì ní Apo, ẹ sì gba èyí tó ti bàjẹ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ₦60,000, ẹ fi ₦15,000 sílẹ̀ fún àìsàn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó ku ₦45,000. Ẹ fi ₦20,000 ti àpò pàjáwìrì oṣù yìí kún un: ₦65,000. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Bí bọ́ọ̀sì bá gba ₦25,000 nínú ₦40,000 ọkọ̀ àti epo, ẹ ti rí ₦15,000: ₦80,000. Ó ku ₦15,000. Ẹ bẹ mẹkáníìkì kí ó gba owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa san ìyókù sílẹ̀, kí ẹ sì san án lọ́jọ́ náà nínú owó oṣù tó kàn.

Ẹ kò yáwó, ẹ kò fọwọ́ kan owó ilé. Owó ilé ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí ẹni tó bá pàdánù ilé ní Abuja kì í san owó ilé tuntun nìkan. Owó ejẹ́ǹtì àti ti lọ́yà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé, á tún dúró dè é. Lórí ilé ₦600,000, ₦120,000 nìyẹn láìtíì ka owó ìdógò.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé yín, ẹ kọ ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, iye tó jáde àti àpò tó ti jáde. ₦15,000 ló kù. Nínú owó oṣù tó kàn, ₦15,000 lọ fún mẹkáníìkì, ₦5,000 wọ àpò: ₦20,000. Láti oṣù kejì, ₦20,000 lódindi: ₦40,000, lẹ́yìn náà ₦60,000. Oṣù mẹ́ta ló máa gbà kí àpò tó padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ má sì ra ohun tuntun kankan sínú ilé kí ó tó padà débẹ̀.